Àbàtà Takété: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Irà Ń Mí

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe báyìí. Wọ́n ní kó túmọ̀ ìwé náà láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó wá ní, "Prọ́f, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan péré." Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wetland. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ fún un ni "ilẹ̀ olómi tí kò wúlò".

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọmọ yìí kò ṣàdédé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ bá ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà ní Èkó sọ̀rọ̀, á ní, "Àbàtà ni ilẹ̀ yẹn, kò wúlò, àfi tí wọ́n bá da yanrìn sí i." Kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi rí típà oníyanrìn. Orúkọ ló kọ́kọ́ ba ilẹ̀ náà jẹ́ kí yanrìn tó dé. Dípò kí n fi gbólóhùn kan dá ọmọ náà lóhùn, mo ní kí n jókòó kí n kọ ìtàn náà síbí. Bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ ohun tí àbàtà ń ṣe fún ayé, ìtàn orúkọ tí kò tọ́ ni, àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí 250 ọdún.

Ọ̀rọ̀ tí a ní nílé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yorùbá kò pe gbogbo ilẹ̀ olómi ní orúkọ kan ṣoṣo. Àbàtà ni ibi tí omi dúró sí lórí ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń rì. Irà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní ẹnì kan kó sí irà, ohun tó wà lọ́kàn wa ni ẹrẹ̀ jíjìn tó lè gbé ènìyàn mì. Àkùrọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì: ilẹ̀ etí odò tí ọ̀rinrin kì í tán nínú rẹ̀ ni, tí a fi ń dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú àkùrọ̀ ni ìyá àgbà mi ti ń gbin ẹ̀fọ́, ilá àti àgbàdo. Wọ́n máa ń ní àgbàdo tútù lórí àtẹ nígbà tí oko àwọn ẹlòmíràn ti gbẹ kanrin. Ta ló máa pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò wúlò?

Àwọn àgbà sì pa á lówe pé àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ẹbí la máa ń pa òwe náà fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an: àbàtà bá odò tan. Lójú, ó dà bíi pé ó dúró lásán. Kò dúró lásán rárá. Ohun tí òwe náà kò fi kún un ni pé àbàtà bá ojú ọ̀run náà tan. Ìbátan kejì yìí ló gba àwọn onímọ̀ ní àkókò gígùn kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ etí àkùrọ̀ náà, afẹ́fẹ́ á yọ láti ìsàlẹ̀, á tú pọ́ọ́ lójú omi. Ìyá àgbà á ní, "Fi í sílẹ̀, ilẹ̀ ń mí ni." Eré ni mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣe.

Afẹ́fẹ́ búburú

Ní ilẹ̀ Ítálì láyé àtijọ́, orúkọ tí wọ́n fi kan àbàtà burú ju tiwa lọ. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú irà ló ń fa ibà. Mala aria ni wọ́n pè é, ìyẹn afẹ́fẹ́ búburú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ malaria ti wá. Ó di ọdún 1897 kí dókítà Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Òótọ́ ni pé inú omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ irà kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ibà. Títí di òní, a ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn tí kò fà.

Ní ilẹ̀ Ítálì kan náà ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ gbé afẹ́fẹ́ irà yẹ̀ wò dáadáa dípò kó máa sá fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1776, Alessandro Volta, ẹni ọdún 31, wà létí adágún Maggiore nítòsí ìlú Angera. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àlùfáà Carlo Giuseppe Campi, ti sọ fún un nípa ìsun omi kan tí afẹ́fẹ́ tó ń gbiná ń yọ láti inú rẹ̀. Volta fi igi ro ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó da ojú ìgò tó kún fún omi dé ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni omi ń jáde, títí ìgò fi kún fún afẹ́fẹ́ irà. Ó fi iná sí i, ó sì jó pẹ̀lú iná aláwọ̀ búlúù. Ó ṣàkíyèsí pé bí ó ṣe ń jó yàtọ̀ sí ti afẹ́fẹ́ agbiná tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí à ń pè ní háídírójìn lónìí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí Campi, wọ́n sì tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní 1777. Volta yìí náà ló ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800, tí a fi ń ka agbára iná mànàmáná ní folti títí dòní. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ bátìrì pọ̀. Àwọn tó mọ̀ pé ó ti ro ẹrẹ̀ àbàtà rí kò pọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, gáàsì irà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Báwo ló ṣe wá di mẹ́téènì? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kíláàsì ìtàn ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi, ti yín rèé. Ní 1834, àwọn onímọ̀ méjì ní Faransé, Jean-Baptiste Dumas àti Eugène Péligot, ń ṣe ìwádìí nípa ọtí tí a ń sè jáde láti ara igi. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, methy tó jẹ́ wáìnì, àti hyle tó jẹ́ igi, wọ́n so wọ́n pọ̀. Lára ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ni August Wilhelm von Hofmann, ọmọ Jámánì, ti yọ orúkọ mẹ́téènì ní 1866. Ẹ rí i? Gáàsì tí wọ́n bá nínú ẹrẹ̀ wá ń jẹ́ orúkọ ọtí inú igi. Àbàtà tó bí i ti kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Láàárín àkókò kan náà, àwọn mìíràn ń wádìí ohun tó ń mú ayé móoru. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, fi hàn pé bí a bá gbé ìgò tí kábọ́nù dayọ́sáídì wà nínú rẹ̀ sínú oòrùn, á gbóná ju èyí tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀ lọ. Láti 1859 lọ, John Tyndall ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ wọn bí oríṣiríṣi gáàsì ṣe ń gba ooru mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ka àbàtà mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Bí ewé bá já bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń lo ọ́síjìn á jẹ ẹ́. Kábọ́nù tí igi ti fà láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tó ń dàgbà á sì padà sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó wọlé ló jáde. Ṣùgbọ́n bí ewé bá bọ́ sínú àbàtà, omi á bò ó, ọ́síjìn kò sì ní í lè dé ibẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ewé náà kò ní í jẹrà tán. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ewé á máa gorí ewé, gbòǹgbò á máa gorí gbòǹgbò, títí yóò fi di ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peat. Ó kéré púpọ̀ bó ṣe ń ga: mílímítà kan lọ́dún, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á sí èsúsú tí àbàtà ń dá láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí kò tíì kó rí. Ilẹ̀ peat kò ju nǹkan bí 3% ilẹ̀ ayé lọ, síbẹ̀ kábọ́nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 600 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Èyí ju ti gbogbo igi àti ewéko tó ń hù lórí ilẹ̀ ayé lọ.

Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà tí kò fẹ́ ọ́síjìn rárá. Àwọn ló ń ṣe mẹ́téènì. Bakitéríà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 1977, Carl Woese àti George Fox ní Yunifásítì Illinois fi hàn pé wọn kì í ṣe bakitéríà; ẹ̀ka mìíràn pátápátá ni wọ́n nínú ìdílé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ẹ̀ka tí à ń pè ní Archaea lónìí. Ẹ ò rí nǹkan, ẹrẹ̀ tí a kò kà sí ló mú kí wọ́n tún ìwé ìran gbogbo ohun alààyè kọ.

Mẹ́téènì náà ń wá ọ̀nà jáde. Díẹ̀ ń yọ pọ́ọ́, bíi ti etí àkùrọ̀ wa. Díẹ̀ ń gba inú pòpórò ewéko tó ní ihò nínú, bí ẹni fi sitírọ́ọ̀ fa omi mu. Ní 2017, Sunitha Pangala àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ara igi ńláńlá inú igbó tí omi ń bò ní Amazon ni mẹ́téènì púpọ̀ ń gbà jáde. Àwọn kòkòrò mìíràn tún wà lókè, níbi tí ọ́síjìn wà, tó ń jẹ mẹ́téènì lójú ọ̀nà kó tó jáde. Nítorí náà, bí omi bá ṣe ga sí ló ń pinnu ohun gbogbo.

Òpó irin ní Holme

Bí omi bá wá lọ ńkọ́? Ìdáhùn náà wà ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi kan tí wọ́n ń pè ní Holme Fen. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850, wọ́n fa omi adágún ńlá kan tó wà níbẹ̀, Whittlesey Mere, gbẹ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ dáko. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ yóò rọlẹ̀, nítorí náà wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀, ó wọ inú peat lọ títí ó fi kan amọ̀ líle nísàlẹ̀. Orí òpó náà bá ojú ilẹ̀ dọ́gba lọ́jọ́ tí wọ́n rì í. Lónìí, ó yọ sókè tó nǹkan bí mítà 4. Òpó kò kúrò lójú kan, ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ibo ni ilẹ̀ náà lọ? Díẹ̀ fún pọ̀ nígbà tí omi kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Nígbà tí omi kúrò, ọ́síjìn wọlé, àwọn kòkòrò àìfojúrí rí oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún jẹ, kábọ́nù dayọ́sáídì sì ń jáde. Ẹni bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ná èsúsú tí baba ńlá dá sílẹ̀, kó lọ wo òpó yẹn.

Ìwé ìṣírò méjì

Òpó lè sọ pé ilẹ̀ lọ, kò lè sọ iye gáàsì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lójoojúmọ́. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbà wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́ rọrùn: wọ́n á da àpótí bo ilẹ̀ àbàtà, wọ́n á máa fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ara wọn, wọ́n á wò ó bóyá gáàsì ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Ṣùgbọ́n ibi kékeré ni àpótí bò. Ọ̀nà kejì, tí William Swinbank kọ nípa rẹ̀ ní Australia ní 1951 fún wíwọn ooru àti ọ̀rinrin, ni wọ́n wá fi ń wọn kábọ́nù lẹ́yìn náà. Wọ́n á ri òpó gíga sáàárín àbàtà, ẹ̀rọ orí rẹ̀ á máa wọn atẹ́gùn tó ń gòkè àtèyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti gáàsì tó wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí ogún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń ka ẹni tó wọlé àtẹni tó jáde, tọ̀sán-tòru, láti ọdún dé ọdún. Láti 1997 ni wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ àwọn òpó bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé jọ sábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní FLUXNET.

Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìwé ìṣírò méjì ni àbàtà ń kọ. Nínú ti àkọ́kọ́, ó ń gba kábọ́nù dayọ́sáídì wọlé, ó ń tọ́jú rẹ̀, olóore ni. Nínú èkejì, ó ń tú mẹ́téènì jáde. Tọ́ọ̀nù mẹ́téènì kan ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 ti tọ́ọ̀nù kábọ́nù dayọ́sáídì kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ọdún, àbàtà sì ni orísun mẹ́téènì tó tóbi jù lára àwọn tí kì í ṣe àfọwọ́fà ènìyàn. Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Ẹ ò rí i? Afẹ́fẹ́ búburú náà ni. Ẹ fà á gbẹ."

Ẹ má tètè dájọ́ o. Mẹ́téènì kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ni ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí àbàtà àtijọ́ ń tú jáde lọ́dọọdún ń rọ́pò èyí tó ń parẹ́. Kábọ́nù dayọ́sáídì ní tirẹ̀ ń pẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, àbàtà tó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ti mú ayé tutù ju bó ṣe mú un gbóná lọ. Ẹni tó bá fà á gbẹ nítorí mẹ́téènì ti fi gbèsè kékeré pa gbèsè ńlá.

Ilẹ̀ Indonéṣíà fojú rí i. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìjọba ibẹ̀ gbẹ́ kòtò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sínú igbó orí peat ní Kalimantan, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà gbin ìrẹsì. Ìrẹsì kò ṣe dáadáa. Ní 1997, ọ̀dá dé, ilẹ̀ tó ti gbẹ sì gbiná. Susan Page àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2002 pé iná peat jákèjádò Indonéṣíà lọ́dún yẹn tú kábọ́nù tó tó 0.81 sí 2.57 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sójú ọ̀run. Iye yẹn tó 13% sí 40% gbogbo èyí tí epo, èédú àti gáàsì tí gbogbo ayé ń sun ń tú jáde lọ́dún kan nígbà náà.

Ohun tó wà lábẹ́ igbó Kóńgò

Mo ti fi ilẹ̀ Áfíríkà wa sẹ́yìn. Ní àárín gbùngbùn agbada odò Kóńgò, igbó kan wà tí omi bò, tó tàn kálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kóńgò méjèèjì. Lórí máàpù, igbó irà lásán ni. Láti 2012, Greta Dargie, Simon Lewis àti Suspense Ifo ti Yunifásítì Marien Ngouabi ní Brazzaville bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó mọ igbó náà. Wọ́n ń ki irin bọ ilẹ̀, wọ́n ń fa peat jáde, níbòmíràn ó jìn tó nǹkan bí mítà 6. Ní oṣù kìíní 2017 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature: ilẹ̀ peat tó tó 145,500 kìlómítà níbùú lóròó, tí kábọ́nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 30 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ní 2022, wọ́n tún un wọ̀n, ó wá di 167,600 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ kó Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, ẹ wá kó wọn ní ìlọ́po méjì. Kò tíì tó o.

Iwájú wa báyìí ni wọ́n ṣe rí i. Kì í ṣe pé ó farapamọ́. Orúkọ tí wọ́n fún un ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú láti wo abẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2022, tí Yannick Garcin ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ka ìpele peat náà bí ẹni ka ìwé. Ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù níbẹ̀, peat tó ti kóra jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó ń padà sójú ọ̀run. Ó di nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé alájọ yìí ti fọ́ rí, ó sì lè tún fọ́. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà ni ìjọba Kóńgò Kinshasa kéde pé òun fẹ́ ta ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ epo ní àwọn agbègbè tí díẹ̀ nínú wọn wà lórí ilẹ̀ peat yìí. Tálákà kò lè fi ebi sùn nítorí ojú ọjọ́ ayé, mo mọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ti fa tiwọn gbẹ, kò sì lè máa pàṣẹ fún un láìsanwó. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, kí ẹni tó ń tà mọ orúkọ ohun tó ń tà.

Ìdáhùn mi

Ó yá, ọmọ mi, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Pa "tí kò wúlò" rẹ́. Bí ìwé náà bá ń sọ nípa ilẹ̀ olómi lápapọ̀, kọ "ilẹ̀ àbàtà". Gbogbo ènìyàn á lóye rẹ. Bó bá jẹ́ èyí tí a ń dáko sí, "àkùrọ̀" ni, má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tó jìn tó léwu, "irà". Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa, torí pé ẹni tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún nǹkan kan ti fojú sí i dáadáa rí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé o. Èmi náà ń gbé inú ilé. Ṣùgbọ́n omi tí àbàtà máa ń gbà mọ́ra ní Èkó, ibo ni a rò pé yóò lọ lẹ́yìn tí a bá da yanrìn sí i? Ẹni tí omi ti lé jáde ní yàrá rẹ̀ rí mọ ìdáhùn.

Àkùrọ̀ ìyá àgbà mi ti di ilé báyìí. Mo dúró níbẹ̀ nígbà kan, mo fẹ́ fi bàtà tẹ ilẹ̀ wò bóyá yóò mí. Kọnkéré ni.

Ire o.